Ọdún Tí A Fi Ike Abẹ́rẹ́ Ṣe Apá

Ní ilé wa ní Òsì-Èkìtì, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ló máa ń jí wa. Àkùkọ wà o, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ti rí i pé ohùn òun kò lè borí ti ẹ̀rọ, ó sì ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ládánì bá ti pe ìrun àsùbáà, tí Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí tó sì padà dé, ìyá mi á fa okùn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, á bú u lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sì dáhùn. Láti ìgbà náà títí di ìyálẹ̀ta, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé wa ní láti pariwo. Ìyẹn ló fà á tí gbogbo wa fi ń pariwo títí di òní, kódà lórí fóònù. Àwọn obìnrin á gbé ẹ̀gẹ́ bíbó wá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á kó àwọn àpò náà sáàárín irin, ìyá mi á sì gbé jáàkì lé wọn lórí, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni mo máa ń fa apá jáàkì náà sókè sódò. Mo kéré, mo sì tín-ín-rín, síbẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ á máa ṣàn jáde bí ẹni pé òmìrán ló jókòó lé àpò náà. Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mélòó kan kí n tó bi ara mi léèrè bó ṣe ṣeé ṣe.

Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Òsì, ní Ayébọ̀dé àti ní Òmù. Gbogbo ayé ń pè é ní Àlájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ibi tó jìnnà jù lọ tó dé rí. Ó ti ṣàlàyé fún wọn títí ó fi sú u, ó wá ń jẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí Bàbá, ní àpótí ìjókòó tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, tó sì ń ṣèdájọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, odó ilé wa á bẹ̀rẹ̀, odó ilé kejì á dá a lóhùn, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí a máa jẹ. Iyán ni. Bí àlejò bá sọ pé òun kò jẹ iyán, Ìyá Àgbà á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé girama, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ mọ́ mi ni pé mo máa ń tú nǹkan. Mo ti tú tọ́ọ̀ṣì, mo ti tú sítóòfù, mo ti tú ìdí rédíò Bàbá wò, mo sì dé e padà kó tó ti oko kòkó dé. Aago ara ògiri ni mo tú tí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ké kọ́-kọ́-kọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tò ó padà tán, súkúrù mẹ́ta ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé bóyá àwọn tó ṣe aago náà ló fi wọ́n ṣe èènì. Aago ń ṣiṣẹ́, àní ó ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: lójoojúmọ́ ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá ju oòrùn. Fún ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá ń dé mọ́ṣáláṣí kí ládánì tó dé, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, ládánì fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Bàbá padà wálé, ó dúró sí àárín àgbàlá, ó ní, “Ta ló ba aago yìí jẹ́?” Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi náà ló parí sí. Ìyá Àgbà kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀gúsí. Ó ní, “Ọmọ tó mọ ulé tú, kó mọ ulé kọ́.”

Ìwé èsì ìdánwò mi dé lọ́sẹ̀ kan náà, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Nínú kíláàsì, n kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dáhùn tí kò gbà á máa ń jẹ pàṣán, ẹni tó bá dákẹ́ kì í jẹ, mo sì ti ṣe ìṣirò ìyẹn fúnra mi láìsí olùkọ́. Bàbá ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Àǹtí Ràlíátù, tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn, èsì sì dé pé bí a bá ti gba ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn, òun ń bọ̀ wá mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Ìyá Àgbà ní ìpinnu náà dára, pé aṣọ kò ní súkúrù. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀, mo sì padà wá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gàrí.

Sáà kejì ni agùnbánirọ̀ kan dé sí ilé ìwé wa láti ìpínlẹ̀ Delta. Efe ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kọ́pà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti kọ́ “Ẹ káàárọ̀” kó tó dé, ó sì ń lò ó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní ọjọ́ kan ó ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe róbọ́ọ̀tì, pé ìdíje kan ń bọ̀ ní Adó ní sáà kẹta. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbé agolo mílíìkì kan láti orí tábìlì kan sórí òmíràn, láìjẹ́ pé ọwọ́ èèyàn kan agolo náà. Àwa ọgbọ̀n ló wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ìròyìn ti kàn pé bisikíìtì wà. Kò sí bisikíìtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a ku mẹ́fà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta a ku méjì: èmi, àti Bùnmi ọmọ pásítọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí mo sọ nílé pé róbọ́ọ̀tì ni à ń ṣe, Ìyá Àgbà ní, “Kí ló ṣe róbótó?” Mo ní kò ṣe róbótó, onígun mẹ́rin ni. Ó ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ róbọ́ọ̀tì lè máa rò pé kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwé wa, ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n fi aṣọ bò ó, kò sì sí ẹni tó rí abẹ́ aṣọ náà rí. Ohun tí Kọ́pà rí kó jọ ni àjákù pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà, wáyà táyà kẹ̀kẹ́, àti ike abẹ́rẹ́ tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ńlá àti kékeré, tó tọrọ ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ó fi rọ́bà so ike kékeré mọ́ ike ńlá, ó rọ omi sí i, ó ní kí n ti èyí kékeré. Mo tì í, ńlá sì gbé odindi bíríkì kan sókè díẹ̀. Kọ́pà béèrè ibi tí agbára náà ti wá. Bùnmi dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Jáàkì ni.” Ohùn mi ni. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ ẹ̀gẹ́ nílé wa, Bùnmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Kọ́pà sì ní òun fẹ́ wá wò ó. Ó dé ní ọjọ́ kejì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. “Ẹ káàárọ̀, mà,” ó ní. Ìyá mi fún un ní apá jáàkì. Ó tẹ àpò kan tán, ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé òmíràn fún un. Kó tó lọ, ó na ìka sí mi, ó ní, “Ọmọ yín, orí ẹ̀ pé.” Ìyá mi wo ẹ̀yìn mi láti mọ ọmọ tí Kọ́pà ń sọ.

Gbogbo sáà náà, ojoojúmọ́ ni apá tí à ń ṣe máa ń bàjẹ́. Ìka rẹ̀ á ya, tàbí kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ̀, tàbí kí omi máa jò. Bó bá ti dún pàà báyìí, èmi á ti máa wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Kọ́pà á lóṣòó tì í, á ní, “Kí ló bà á jẹ́?” Mo kọ́kọ́ rò pé àìgbédè ló ń ṣe é. Bùnmi tilẹ̀ tún un ṣe fún un. Ó ní, “Sà, ‘Ta ló bà á jẹ́?’ ni wọ́n máa ń sọ.” “Rárá,” Kọ́pà ní. “Kí.” Mo ti gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yẹ̀ wò láti ìgbà náà. Ẹni tó ń béèrè ta, ẹni tí yóò nà ló ń wá. Ẹni tó ń béèrè kí, ohun tí yóò tún ṣe ló ń wá. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, mò ń tún àwọn ẹ̀rọ wọn ṣe, ìbéèrè kejì yìí gan-an ni wọ́n sì gbà mí fún. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ gígùn lórí àǹfààní tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé. Èmi mọ ẹyọ kan: ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ láyé mi tí nǹkan ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tí n kò sì di ọ̀daràn.

Nígbà tí sáà kẹta dé tí apá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Kọ́pà gbà kí n gbé e lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní ìka méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Ìyá Àgbà rí i tó ṣí, ó rí i tó pa dé, ó dìde lórí àpótí tí n kò rí i kó dìde níbẹ̀ kí iyán tó jinná rí. “Ère!” ó ní. “Wọ́n ń kọ́ ọmọ wa ní uṣẹ́ ère!” Ọ̀rọ̀ náà bá Bàbá lẹ́rù. Ó ní bí ó bá jẹ́ ère ni, n kò ní lọ sí Adó, n kò sì ní dúró de òpin ọdún kí n tó lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìrun alásáárì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ Alfa àgbà. Alfa fi gíláàsì sójú, ó yí apá náà po.

“Ṣé ó ní ojú?”

“Kò ní, sà.”

“Ẹnu ńkọ́?”

“Kò ní.”

“Ṣé wọ́n ń bọ ọ́?”

“Rárá, sà. Mílíìkì ló máa ń gbé.”

Alfa bọ́ tẹ́súbáà ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí ẹní, ó ní kí apá náà gbé e. Mo ti ike, apá náà tẹ̀ sílẹ̀, ìka méjèèjì mú tẹ́súbáà, wọ́n sì gbé e sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Tún un ṣe,” Alfa wí. Mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe kó tó rántí pé wọ́n ń dúró de ìdájọ́ òun. Ó ní, “Irinṣẹ́ ni. Bí ọkọ́ àti àdá náà ni. Kí wọ́n ṣáà má fi orí sí i.” Bàbá béèrè bóyá kí n lọ sí Adó. Alfa ní ìmọ̀ ni, kí n máa wá a. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, Bàbá ní òun yóò tẹ̀ lé mi lọ, pé òun náà ní ẹni tí òun fẹ́ rí ní Adó. Títí di òní, n kò mọ ẹni náà.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe ìdíje náà tóbi débi pé mo rò pé àwọn tó wà ní ìparí rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Àwọn ilé ìwé ńlá ti kó tiwọn dé. Ti gbogbo wọn ló ní orí. Òmíràn ní gílóòbù méjì tó ń tàn lójú, òmíràn ní kásẹ́ẹ̀tì nínú tó ń kí àwọn adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa jókòó síbẹ̀ bí apá ẹni tí ìyókù ara rẹ̀ lọ sọ́jà. Adájọ́ kan, obìnrin tó wọ léèsì funfun, wò ó, ó ní, “Orí rẹ̀ dà?” Bùnmi ni a ti yàn láti máa sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde. Mo ní, “Alfa wa ni ó ní ká má fi orí sí i, mà.” Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀. Mo ti ike, apá náà lọ, ó mú agolo, ó gbé e sókè. Nígbà tó dé agbedeméjì, rọ́bà já bọ́ lẹ́nu ike, omi sì fò jáde. A ti po íńkì pupa mọ́ ọn kó lè hàn dáadáa. Ó hàn dáadáa lára léèsì funfun náà. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Agolo bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri títí dé ìjókòó iwájú, Bàbá sì fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo wo ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó jìnnà. Mo bá lóṣòó. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.” N kò mọ ẹni tí mo ń sọ fún, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Mo wo ẹnu rọ́bà: ooru inú ọkọ̀ ti mú un rọ̀, ó ti fẹ̀ ju ike lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sókè. Mo fa òwú yọ létí ìborùn mi, mo fi dì í. Mo ní afẹ́fẹ́ ti wọ inú omi báyìí, pé bí afẹ́fẹ́ bá wọ jáàkì ìyá mi, èèyàn lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní tẹ ẹ̀gẹ́ kankan, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń sún kì, omi kì í sún kì. Mo ní kí Bùnmi gbé ife omi wá, ó gbé e wá, kò tíì dákẹ́ ẹkún. A lé afẹ́fẹ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Agogo dún láàárín rẹ̀ pé àkókò ti pé. Mo gbọ́ ọ. Mo ti ike. Apá náà gbé agolo kúrò lórí tábìlì kìíní, ó gbé e sórí èkejì, ó sì tú ọwọ́. Obìnrin aláṣọ pupa, torí ó ti kúrò ní funfun, ní àkókò ti kọjá, pé kò sí máàkì kankan fún èyí. Ó wá ní kí n tún un ṣe kí òun rí i.

A ṣe ipò kẹsàn-án nínú ilé ìwé mọ́kànlá. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn wa kò wá.

Nígbà tí ọkọ̀ wa dé Ìdó, Bàbá ra bọ̀ọ̀lì méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ó jẹ tirẹ̀ tán kó tó ní, “Afẹ́fẹ́ yẹn. Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?” Mo ṣàlàyé. Ó béèrè òmíràn, mo ṣàlàyé ìyẹn náà. Ó ń béèrè, mò ń dáhùn, títí awakọ̀ fi sọ pé Òsì nìyí, pé ṣé a kò ní sọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá mi béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi nítorí pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọdún kan rẹ̀ pé, Kọ́pà parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó sì padà sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. N kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ kejì ọlidé, Àǹtí Ràlíátù dé láti Ìbàdàn. Ó ti ra sísọ́ọ̀sì tuntun àti téèpù ìwọnṣọ fún mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì í lóye. Ìyá mi ti di ẹrù mi sínú báàgì láti àná, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má dì í, èmi sì jókòó tì í nínú yàrá, mò ń gbọ́ wọn láti pálọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ dà?” Àǹtí béèrè. “A fẹ́ tètè jí lọ lọ́la.”

“Kò lọ mọ́,” Bàbá wí.

“Kí ló dé? Ara rẹ̀ kò yá ni?”

“Ara rẹ̀ yá. Ilé ìwé ló ń padà sí.”

“Ìwé tí ẹ ní kò mọ̀?”

“Òun náà ni.”

“Ó wá gba ipò kìíní ni?”

“Ó gba ipò kọkànlélógún.”

Mo gbọ́ tí àga dún lábẹ́ Àǹtí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin ni o.”

“Mo mọ̀. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.” Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nílé wa. “Ràlí, nǹkan bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sá. Ó ní kí wọ́n dúró, wọ́n sì dúró. Èmi tí mo bí i, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Àǹtí ní ó dáa, pé ṣé iyán wà. Ìyá mi wọ inú yàrá wá. Ó tú báàgì náà, ó ń yọ aṣọ mi níkọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn padà sínú àpótí, kò sì wo ojú mi. Nígbà tó kan yúnífọ́ọ̀mù, ó gbọ̀n ọ́n, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí íńkì pupa ti ta sí, ó sì jù ú lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n dìde lọ fọ̀ ọ́ kíá, pé ilé ìwé kò ní pẹ́ wọlé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo lọ fọ̀ ọ́.